Ẹ Bi Bàbá Ọdẹ Léèrè: Eré Ọta Ìbọn Afẹ́fẹ́ àti Ibi Tó Ń Bà

Àrìnpa o, ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀yin àgbẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ kì í yìnbọn rárá ṣùgbọ́n tí ẹ kì í fo ojú ewé yìí. Òjò ti ń lọ, ìrẹsì ti ń pọ́n ní àbàtà, ẹyẹ àti òkété ò sì jẹ́ kí àgbẹ̀ fojú lé oorun. Bóyá ìdí nìyẹn tí lẹ́tà oṣù yìí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lé ohun kan ṣoṣo: ìbọn afẹ́fẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń rọ afẹ́fẹ́ kún sílíńdà rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde, kì í ṣe onísípíríǹgì tí wọ́n ń ṣẹ́ lágbede méjì kí wọ́n tó yìn ín. Ẹ má sì bínú bí nọ́ńbà bá pọ̀ nínú ìdáhùn mi. Yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé girama ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Òmù-Àrán, àṣà ibẹ̀ ò tíì kúrò lára mi.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ìbọn afẹ́fẹ́ onímílímítà 5.5. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ọta rẹ̀ ń sá ẹsẹ̀ bàtà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀rẹ́ mi tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eré ọta bá mi dán an wò, ọta tó wúwo tó géréènì 18 la lò, 780 ni ẹ̀rọ kọ. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni? — Alágbàdo, Ìgbàjà

Wọn ò lù yín ní jìbìtì. Ọjà ni wọ́n polówó. Ẹni tó kọ 1,000 sára páálí yẹn á ti wá ọta tó fúyẹ́ jù lọ kiri, bóyá géréènì 10, kó tó yìn ín. Ọta tí ẹ̀yin kì bọ ìbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ sáré bákan náà?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ mú eré ọta lọ́nà ara rẹ̀, ẹ tún mú un lọ́nà ìwúwo ọta ní géréènì, kí ẹ wá pín in sí 450,240. Ohun tó bá jáde ni agbára tí ọta gbé kúrò lẹ́nu ìbọn, fúùtì-pọ́n ni wọ́n ń pè é. Ọta géréènì 10 tó sá 1,000 gbé nǹkan bíi 22.2. Ọta géréènì 18 tiyín, tó sá 780, gbé 24.3. Ẹ wá sọ fún mi, èwo ló lágbára jù? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn tó bá ti kọjá fúùtì-pọ́n 12, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ ọlọ́pàá. Tiyín ti ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀ jàre.

Kódà, ká ní ọta yín ń sá 1,000 yẹn lóòótọ́, mi ò ní bá yín yọ̀. Ọta ìbọn afẹ́fẹ́ ní ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ sì ṣófo. Bó bá ti ń sún mọ́ eré tí ìró ń sá nínú afẹ́fẹ́, èyí tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 1,100, ó máa ń gbọ̀n, ibi tó bá wù ú ló ń lọ. Láàárín 800 sí 950 ni ọ̀pọ̀ ọta onímílímítà 5.5 ti ń gbọ́ràn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú lẹ́tà yín ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ kọ. 780, ní ìgbà wo? Nígbà tí sílíńdà kún ni àbí nígbà tó ti ń gbẹ? Ìbọn afẹ́fẹ́ kì í ní eré kan ṣoṣo. Ẹ rọ ọ́ kún dé ibi tí ilé-iṣẹ́ ní kẹ́ ẹ dé, ẹ jókòó ti ẹ̀rọ yẹn pẹ̀lú bébà àti bírò, kí ẹ máa yìn ín lọ títí ẹ ó fi rí i pé ọta ti ń rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọta márùn-ún márùn-ún, ẹ wo géèjì, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ eré.

Bí ìbọn náà kò bá ní régúlétọ̀, ìyẹn irin kékeré tó máa ń wọn afẹ́fẹ́ kó tó dé fáàfù, ẹ máa rí ohun tó máa yà yín lẹ́nu: nígbà tí sílíńdà kún bámúbámú gan-an ni ọta ń lọ́ra. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, tí mo bá rọ ọ́ dé bar 200 (bar ni géèjì fi ń ka bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti ara sílíńdà tó), nǹkan bíi 815 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dín kù ni eré ń pọ̀ sí i, nígbà tó bá fi di bar 170, ó ti wọ 860. Láti ibẹ̀ dé bar 125, kò ní kúrò láàárín 860 sí 870. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń wálẹ̀ nìyẹn, kò sì ní gòkè mọ́ títí ẹ ó fi tún un rọ. Ìdí rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù ń ti fáàfù pa látinú, bí ẹni tó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn nígbà tí àlejò fẹ́ wọlé. Òòlù inú ìbọn á gbá a, àmọ́ kò ní ṣí tó bó ṣe yẹ.

Ṣé ẹ ti rí ohun tí mo ń sọ? Èmi kì í rọ ìbọn yẹn dé 200 mọ́. 170 ni mò ń rọ ọ́ dé, n ó sì dúró ní 125. Ọta tí mo ń rí yìn dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kan ni gbogbo wọn ń bà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 815 àti 870 máa ń sọ ọta kalẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ní mítà 30. Ní mítà 50, ó ń lọ sí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ẹ wo bí orí òkété ṣe tóbi mọ.

Tí tiyín bá ní régúlétọ̀, ọ̀rọ̀ rọrùn. Eré á dúró sójú kan láti òkè títí dé ibi tí wọ́n dè é sí, á wá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá ibi tó ti ń já, kí ẹ fi bírò pupa sàmì sí i lára géèjì.

Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pẹ̀lú pé kó má wọn ọta lábẹ́ iná gílóòbù gígùn aláfunfun tí wọ́n ń so mọ́ àjà. Ẹ̀rọ rẹ̀, bó bá jẹ́ irú tó ń fi ojú méjì wo òjìji ọta bó ṣe ń kọjá, iná yẹn ń ṣẹ́jú sí i ju bí ojú tiwa ṣe lè rí lọ, yóò sì máa kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ìta ló yẹ kó gbé e sí, lábẹ́ òjìji, kí ẹnu ìbọn fi bíi ìwọ̀n apá kan jìnnà sí ojú àkọ́kọ́.

Ẹ káàárọ̀, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ọ̀fà. Ìbọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó ní ìwé àṣẹ, èmi àti ẹ̀gbọ́n yẹn la jọ ń lọ sóko. A ò lówó ẹ̀rọ tí ń wọn eré. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? — Ọmọ Ọlọ́fà

Ọmọ mi, ọ̀nà wà, fóònù tó wà lápò rẹ ti tó. Wá ìdérí ìkòkò irin àtijọ́ kan, fi okùn so ó kọ́ síwájú àpò iyanrìn, kí ojú rẹ̀ dà sílẹ̀ díẹ̀ kí òjé má ta padà sí yín. Àwọn méjèèjì, ẹ fi awòjú bojú. Fi téèpù wọn mítà 20 gérégé láti ẹnu ìbọn dé ara irin yẹn. Má fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n o, mo mọ̀ yín. Gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, tan ohun tó ń gba ohùn sílẹ̀, kó yìn ín.

Lẹ́yìn náà, ṣí ohùn yẹn nínú áàpù tó ń fi àwòrán ìgbì ohùn hàn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n wà. Wàá rí òkè méjì: ìbọn tó dún, àti irin tó dún. Ka àkókò tó wà láàárín wọn. Ká ní 0.135 ìṣẹ́jú-àáyá ni. Kì í ṣe ọta nìkan ló ná àkókò yẹn, nítorí ìró irin pàápàá ní láti rìn padà wá bá fóònù. Ní ọ̀sán Ọ̀fà, tí ooru bá tó ìwọ̀n 33, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 351 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà mítà 20 gbà á ní 0.057. Yọ ìyẹn kúrò, ó ku 0.078. Pín 20 sí 0.078, wàá rí mítà 256, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 841.

Ohun tí mo fi ní kó o má fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n nìyí: ká ní mítà 21 ni ibẹ̀ lóòótọ́, tí ìwọ ń pè é ní 20, ọta yẹn ti lé ní 900 láìjẹ́ pé o mọ̀. Mọ̀ pẹ̀lú pé eré ojú ọ̀nà lo wọ̀n, kì í ṣe ti ẹnu ìbọn. Ọta á ti yára jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó ń jáde. Fún mímọ bóyá ìbọn ń yí eré padà láti kíkún dé gbígbẹ, ó ti pọ̀ tó.

Àsàláàmù àláékùmù, Bàbá. Pọ́ńpù ọwọ́ ń pa mí láyà. Oníwẹ́dà tó wà ládùúgbò wa ní sílíńdà ọ́síjìn, ó ní òun lè bá mi rọ ọ́ kún ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń lẹ táyà náà sì ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Èwo ni kí n bá lọ? — Ọmọ Sáńgo, Ìlọrin

Wà àláékùmù sàláàmù. Ẹ má bá ìkankan lọ.

Ti ọ́síjìn, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tún dá a rò. Gíríìsì àti òróró wà nínú ìbọn, lára fáàfù àti rọ́bà tó dí i. Bí ọ́síjìn bá pàdé òróró lábẹ́ irú agbára bẹ́ẹ̀, ó lè gbiná kó sì bú láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i, ìbọn á sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín nígbà náà. Ẹ sọ fún oníwẹ́dà yẹn pẹ̀lú, kó má bàa ṣe é fún ẹlòmíràn. Afẹ́fẹ́ lásán tí à ń mí ni ìbọn yìí ń jẹ.

Ti alẹ́táyà kò léwu, kò kàn lè ṣe é ni. Ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sábà ju bar 10 lọ, ìbọn yín ń fẹ́ 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ padà sídìí pọ́ńpù ọwọ́ yín. Ẹ máa sinmi láàárín, kó tutù, kí ẹ sì tú omi inú rẹ̀ dà, pàápàá nígbà òjò, nítorí afẹ́fẹ́ ìgbà òjò Ìlọrin omi ni, bó bá wọ inú sílíńdà, ìpẹtà ló ń bí.

Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìbọn mi dára, eré rẹ̀ kì í yẹ̀, mo ti wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ní mítà 30, ọta márùn-ún ń tú ká bí àtẹ́lẹwọ́ mi ṣe fẹ̀ tó. Mo ti yí awò orí rẹ̀ tí mo fi ń wo ọ̀kánkán títí ó sú mi. — Baálé Ilé, Òró

Ẹ fi awò sílẹ̀, ẹ má yí i mọ́. Awò kì í kó ihò jọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ihò tó ti kóra jọ lọ sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́. Bí ọta bá ń tú ká, tẹ́ ẹ bá ń yí awò, ẹ̀ ń lé wọn kiri pápá ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ọta. Ṣé láti inú agolo ni ẹ ti ń mú un, àbí àwọn tí wọ́n ń dì sínú bébà tà lọ́jà? Etí ìdí ọta òjé rọ̀, bí wọ́n bá ti kọlu ara wọn nínú àpò ó ti wọnú. Ẹ gbé gíláàsì wíńdò kan lélẹ̀ kó dẹ̀ díẹ̀, kí ẹ yí ọta lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára á yí ká bí ìlàjì òbìrí kan, wọ́ọ́rọ́wọ́, láìfò. Èyí tí etí rẹ̀ ti wọ́ á máa ta kọ́ńkọ́ń bó ṣe ń lọ, ẹ óò fi etí gbọ́ ọ kí ojú tó rí i. Ẹ kó irú wọn sọ́tọ̀ fún yínyìn ìdérí ìkòkò. Bẹ́ ẹ bá mọ alágbẹ̀dẹ wúrà kan, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín wọn èyí tó kù lórí ìwọ̀n rẹ̀: ọta géréènì 18 yẹ kó wọ̀n tó gíráàmù 1.17. Èyí tó bá fi gíráàmù 0.05 yàtọ̀, ẹ yọ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá irú ọta mẹ́ta tàbí mẹ́rin, oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́, oríṣiríṣi ìwúwo, kí ẹ dán wọn wò. Ọ̀pá ìbọn ní èyí tó fẹ́ àti èyí tó kọ̀. Ìbọn méjì tó jáde lọ́jọ́ kan náà lè má fẹ́ ọta kan náà, mi ò sì lè bá yín yàn láti Òmù-Àrán. Bẹ́ ẹ bá ti ń pààrọ̀ irú ọta, ẹ kọ́kọ́ yìn bíi mẹ́wàá dànù kí òjé tuntun lè ta sínú ọ̀pá, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bẹ́ ẹ bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti nu inú ọ̀pá, ẹ fa aṣọ mímọ́ kọjá nínú rẹ̀ títí aṣọ kò fi ní dúdú mọ́. Kò sí bẹntiróòlù níbẹ̀ o, ó ń jẹ rọ́bà.

Ìjókòó yín ńkọ́? Ẹ gbé ìbọn lé àpò ìrẹsì kékeré níwájú, ẹ fi òmíràn ti ìdí rẹ̀ lẹ́yìn. Ìbọn onísípíríǹgì ló máa ń fò bí ẹ bá gbé e lé nǹkan. Ti afẹ́fẹ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ta, ó gba kẹ́ ẹ gbé e lé àpò dáadáa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín gbọ́dọ̀ máa dé ojú kan náà lórí igi ìbọn nígbà gbogbo, nítorí bí ojú bá yẹ̀ lẹ́yìn awò, àmì á yẹ̀ láìjẹ́ pé ìbọn mì.

Atẹ́gùn ni èyí tí ọ̀pọ̀ ọdẹ wa kì í kà sí. Wọ́n á ní atẹ́gùn wo ló lè ti òjé? Ẹ gé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ní tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìka kan, kí ẹ so ó mọ́ orí igi ní ìdajì ọ̀nà. Èyí tó wà níbi tí mo ti ń dán ìbọn wò ní òwúrọ̀ máa ń rọ̀ mọ́ igi wẹ́rẹ́. Nígbà tó bá fi di agogo mẹ́wàá, ó ti ń na ara rẹ̀ sápá ọ̀tún, ihò orí bébà náà ti bá a lọ sápá ọ̀tún. Kí oòrùn tó mú ni kẹ́ ẹ ti parí iṣẹ́ yín.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ẹ wo ara ìbọn fúnra rẹ̀. Ẹ di gbogbo ìdè awò mọ́lẹ̀. Bí ohun tí ń gba ariwo bá wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ibi tí òjé ti họ ọ́, ọta ń fara gbá a jáde nìyẹn, kò sì sí ọta tó máa lọ tààrà lẹ́yìn irú ìfaragbá bẹ́ẹ̀. Mo fura sí èyí nínú ọ̀rọ̀ tiyín, nítorí ọta tó ń tú ká tó àtẹ́lẹwọ́ ní mítà 30 ti kọjá ti ọta burúkú nìkan.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn ihò, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti etí òde èyí tó wà lápá kan dé etí òde èyí tó jìnnà sí i jù, kí ẹ yọ mílímítà 5.5 kúrò. Ihò márùn-ún lè tàn yín, ẹ yìn tó mẹ́wàá. Ìbọn tó bá kó mẹ́wàá jọ láàárín sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ ní mítà 30, mo lè gbé e lọ sóko.

Bàbá Ọdẹ, lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, mo rọ ìbọn dé bar 200 ní kùtù, mi ò yìn ín rárá, ní ọ̀sán géèjì ti ń sọ 210. Ta ló fún un? — Ọdẹ Àjàṣẹ́-Ìpo

Oòrùn ló fún un. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú sílíńdà kò pọ̀ sí i, ooru ló mú kó máa ti ara irin. Láti ìwọ̀n 20 òwúrọ̀ ọyẹ́ dé ìwọ̀n 35 ọ̀sán, bar 200 á di 210 gẹ́lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe rí i. Nítorí náà ẹ má rọ ọ́ dé góńgó ní kùtù kí ẹ wá fi í sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀. Bákan náà, bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ tán, ara rẹ̀ gbóná. Ẹ dúró kó tutù kẹ́ ẹ tó gba géèjì gbọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí! Ìbọn afẹ́fẹ́, ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ṣakabùlà ni ìbọn. — Àgbà Ọdẹ, Èsìẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè mí lọ́dọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ọmọ ogun Austria gbé ìbọn afẹ́fẹ́ lọ sójú ogun ní nǹkan bí 1780, èyí tí ẹni kan tó ń jẹ́ Girardoni ṣe. Àwọn Lewis àti Clark, àwọn arìnrìn-àjò tí ìjọba Amẹ́ríkà rán, gbé irú rẹ̀ kan dání nígbà tí wọ́n la ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá láti 1804. Nǹkan bí 1,500 ìgbà ni wọ́n ń fún pọ́ńpù kí àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ kan tó kún. Ọmọ Sáńgo, ṣé o gbọ́?

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá kò kà á sí ohun ìṣeré. Òfin ìbọn 1959 to ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ẹni tó tà á fún yín lè ní kò nílò ìwé. Kò ní bá yín dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Èmi kì í yìnbọn. Aládùúgbò mi ló ń dán ìbọn afẹ́fẹ́ wò lẹ́yìnkùlé, ó gbé bébà mọ́ ara ògiri búlọ́ọ̀kù tó wà láàárín wa. Àwọn ọmọ mi ń ṣeré lódì kejì. Ó ní kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. — Ìyá Ìbejì, Tánkẹ̀

Ìyá Ìbejì, ó lè ṣe wọ́n. Ọta òjé tó bá gba orí ògiri kọjá lè lọ ju mítà 300 kó tó bọ́ sílẹ̀, èyí tó bá sì gbá búlọ́ọ̀kù lè ta padà sí ẹni tó yìn ín tàbí kó gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Tánkẹ̀ kì í ṣe ibi ìdánwò ìbọn. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ràn, ẹ fi ìwé yìí hàn án: pápá gbalasa ni kó lọ, níbi tí òkìtì ilẹ̀ gíga wà lẹ́yìn àmì, kó gbé àpótí tó kún fún iyanrìn síwájú òkìtì náà, kó rí i dájú pé ẹnikẹ́ni kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Kó máa ṣa òjé rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kó sì fọ ọwọ́ kó tó jẹun tàbí kó tó gbé ọmọ, nítorí májèlé ni òjé.

Láti òní, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ dé ìhà ògiri yẹn. Bí kò bá gbọ́ràn, ẹ má lọ bá a nígbà tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gba ọ̀dọ̀ alága àwọn onílé àdúgbò yín lọ, kó pè é, kó sì ní kó mú ìwé àṣẹ rẹ̀ wá. Bí kò bá rí i mú wá, ẹ̀yin àti alága yẹn, ẹ jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín jù.